Chicago, Houston àbí Baltimore: ìlú wo ló dáa jù ní Amẹ́ríkà?

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi láti Ṣàgámù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ síbí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ájẹ́ǹtì tó ń bá wa ṣe ìwé Amẹ́ríkà ní ká mú ọ̀kan nínú ìlú mẹ́ta, Chicago, Houston tàbí Baltimore. A ní ọmọ méjì, ọ̀kan ọdún mẹ́sàn-án, ìkejì ọdún mẹ́rin. Mo ti wo oríṣiríṣi lísìtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí ní Chicago ti ń kú, gbogbo èèyàn ló ń sá níbẹ̀, òmíì ní Houston máa gba ipò kẹta nínú iye èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀ láìpẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wà ní Dallas sì ní ká má tiẹ̀ dárúkọ Baltimore, pé bí Detroit ṣe di ahoro náà ló ṣe máa rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa to àwọn ìlú ńláńlá yìí tẹ̀lé ara wọn, èwo ló dáa jù?”

Ẹ kú ìmúra o, Ọlọ́run á ṣọ̀nà yín ní rere. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nílẹ̀ yìí, mo gbé Chicago ọdún mọ́kànlá, mo gbé Houston ọdún mẹ́jọ, Maryland ni mo wà báyìí, iṣẹ́ tí mo sì fi ń jẹun ni kíka iye èèyàn àti iye ilé fún ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìlú, ìyẹn ni pé àwọn nọ́ńbà tí àwọn tó ń ṣe lísìtì yẹn ń lò, àwa la máa ń jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tí mo gbọ́ nínú ìbéèrè yín ni pé ẹ̀rù ń bà yín kí ẹ má lọ kó ọmọ wọ ìlú tó ń wó lọ, kí gbogbo owó àti wàhálà tí ẹ ti ṣe lórí ìwé yìí má di òfò. Ẹ̀rù yẹn tọ́, èmi náà bẹ̀rù nígbà tí mo ń bọ̀. Àmọ́ àwọn lísìtì yẹn ò lè dá yín lóhùn, màá sọ ìdí ẹ̀ kí n tó sọ èrò tèmi.

Ohun tó ń da gbogbo ẹ̀ rú ni ààlà. Ẹni tó ń gbé Sángo Ọ̀tà tó ń jí jáde lọ ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà lójoojúmọ́, tí ẹ bá bi í níbi tó ń gbé nígbà tó bá rin ìrìn-àjò, Èkó ló máa wí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Ògùn ló ti ń sùn. Gbogbo Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Orúkọ ìlú wà, ààlà tí òfin fà yí i ká wà, agbègbè tí àwọn èèyàn ti ń gbé tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ sì wà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í bára mu. Ẹ wo Atlanta tí gbogbo ayé mọ̀, nínú ìkànìyàn 2020 àwọn tó wà nínú ààlà ẹ̀ ò pé 500,000, ó kéré gan-an sí Columbus ní Ohio tó ní 905,748, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ka Atlanta àti gbogbo agbègbè ẹ̀ pọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Jacksonville ní Florida ju San Francisco lọ lórí lísìtì, 949,611 sí 873,965, torí pé ní 1968 wọ́n pa ìlú náà àti káúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tó yí i ká pọ̀ di ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá ka agbègbè, ti San Francisco fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti Jacksonville. Nígbà tí èsì 2020 jáde, ariwo sọ pé Phoenix ti gba ipò karùn-ún lọ́wọ́ Philadelphia, inú àwọn ará Phoenix dùn, ojú ti àwọn ará Philadelphia, iye tó sì wà láàárín wọn ò tó 4,500 èèyàn, nígbà tí ilẹ̀ Phoenix fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti Philadelphia lọ́nà mẹ́rin. Èwo ló tóbi jù nínú wọn? Ó kù sí ibi tí ẹ bá fa ìlà sí.

Ká wá dé Chicago. Ibi tí ọ̀rọ̀ pé ó ń kú ti wá nìyí, ní 1950 èèyàn 3,620,962 ló wà níbẹ̀, ní 2020 ó ku 2,746,388, ẹni tó bá fi méjèèjì wéra á ní ìlú ti bàjẹ́. Ẹ wá wò ó dáadáa, ti 2020 yẹn fi bíi 50,000 ju ti 2010 lọ. Àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń wọlé, àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń wọlé ò sì jọra, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Láàárín 1910 sí 1970 bíi mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn dúdú ló kúrò ní Mississippi, Alabama, Georgia àti gbogbo Gúúsù yẹn, wọ́n wọ reluwé lọ sí Chicago, Detroit, New York àti àwọn ìlú míì, wọ́n ń sá fún ìyà, wọ́n ń wáṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ irin ló gba ọ̀pọ̀ nínú wọn ní South Side Chicago. Nígbà tó yá àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan, South Works tì pátápátá ní 1992, ìjọba tún wó àwọn ilé alájà gogoro tí wọ́n kọ́ fún mẹ̀kúnnù, Robert Taylor Homes àti Cabrini-Green, ní 2013 wọ́n ti ilé-ìwé bí àádọ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ò sí, ilé ò sí, ilé-ìwé ọmọ tún tì, ta ló máa dúró? Ní 1980 àwọn èèyàn dúdú inú Chicago fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, ní 2020 wọn ò tó 800,000 mọ́.

Mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Ní South Shore tí mo kọ́kọ́ gbé, màmá kan wà nísàlẹ̀ ilé, Mississippi ni wọ́n ti gbé e wá ní kékeré, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kó yìnyín kúrò lórí mọ́tò láìfọ́ gíláàsì, òun ló fún mi ní kóòtù ọkọ ẹ̀ tó ti kú torí kóòtù tí mo rà ní Lọ́ńdọ̀nù lójú ọ̀nà ò já mọ́ nǹkankan. Àwọn ọmọ ẹ̀ kó lọ sí Georgia níkọ̀ọ̀kan, nígbà tó yá òun náà tẹ̀lé wọn, ó padà sí apá Gúúsù tí bàbá ẹ̀ sá kúrò níbẹ̀. Nínú nọ́ńbà tí àwa ń kà, ẹyọ kan péré ni màmá yẹn nínú “àwọn tó ń sá kúrò ní Chicago”. Kí n sì sọ èyí fún yín nísìnyí kí ẹ tó dé, àwọn èèyàn wa kan máa kọ́ yín láti máa pe irú màmá yẹn ní àkátà, ẹ má gbà á lẹ́nu wọn, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ ọ nílé. Àwọn ló ja ìjà tí òfin ọdún 1965 fi ṣílẹ̀kùn fún irú àwa láti wọ ilẹ̀ yìí.

Lákòókò kan náà, ilé ń ga sí i ní àárín ìlú Chicago, àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé ń rọ́ wọ ibẹ̀, àwọn elédè Spanish, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ará Mexico, ti pọ̀ ju èèyàn dúdú lọ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá wo Chicago lónìí, aláwọ̀ funfun, elédè Spanish àti èèyàn dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìdá mẹ́ta mẹ́ta. Ìlú tó ń pààrọ̀ aṣọ ni mo rí níbẹ̀, ìpààrọ̀ yẹn sì dun àwọn kan gan-an ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní òkú.

Houston ní tiẹ̀ ń dàgbà lóòótọ́. Ní 1950 kò tó 600,000, ní 2020 ó ti di 2,304,580. Lọ́dún yẹn ó ṣì fi ju 440,000 sẹ́yìn Chicago, torí náà “láìpẹ́” tí wọ́n ń sọ yẹn, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìdàgbà yẹn ní ìdí tó pọ̀, epo rọ̀bì wà, èbúté wà, Texas Medical Center tó jẹ́ agbo ilé ìwòsàn tó tóbi jù lágbàáyé wà níbẹ̀ (ẹ rí i pé èyí kan ìyàwó yín tààrà), ilẹ̀ pọ̀, ilé ò wọ́n tó ti New York tàbí California, ìpínlẹ̀ Texas ò sì yọ owó orí nínú owó oṣù. Àmọ́ apá kan nínú ìdàgbà yẹn ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún òfin Texas gba Houston láàyè láti máa gbé àwọn àdúgbò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mì, Kingwood pariwo títí ní 1996 kò tì, wọ́n kó o wọlé. Ilẹ̀ tó wà nínú ààlà Houston báyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Chicago mẹ́ta. Ìlú tó bá ń gbé ìlú míì mì, dandan ni kó sanra.

Àwọn èèyàn wa pọ̀ ní Houston, láti ọdún 1970 sókè tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń wá kàwé ní Texas Southern University ni wọ́n ti ń fìdí kalẹ̀. Lójú ọ̀nà Bissonnet ẹ ó rí iṣu, ẹ ó rí èlùbọ́, ẹ ó rí ẹni tó máa rán aṣọ òkè fún yín lọ́sẹ̀ kan, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí wa kún ibẹ̀. Fún ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìyẹn ju owó lọ nígbà míì. Wàhálà ẹ̀ náà kò kéré. Omi ńlá Harvey ti oṣù kẹjọ 2017 wọlé aládùúgbò mi débi ìtẹ́lẹ̀ fèrèsé, tiwa yọ nítorí pé ilẹ̀ wa ga díẹ̀. Ní oṣù kejì 2021 òtútù dé, iná lọ káàkiri Texas, ọjọ́ mẹ́ta la fi wọ kóòtù sùn nínú ilé wa, omi inú páìpù dì. Ní oṣù keje 2024 ìjì Beryl tún mú iná lọ nílé àti ṣọ́ọ̀bù tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Owó orí ilé ga ní Texas, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí èyí tí wọn ò yọ nínú owó oṣù yẹn gbà, bí ẹ bá sì jẹ́ ayálégbé, onílé á fi kún rẹ́ǹtì. Láìsí mọ́tò ẹ ò lè gbé Houston, ẹ̀yin méjèèjì ló máa nílò ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìnṣọ́ránsì méjì, epo méjì. Ní Chicago, mo gbé ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ láìní mọ́tò, tréènì àti bọ́ọ̀sì ló ń gbé mi, owó yẹn ni mo fi san owó ilé-ìwé àwọn àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín dárúkọ Detroit, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ tán an. Èèyàn 1,849,568 ló wà níbẹ̀ ní 1950, ó ku 639,111 ní 2020, ìjọba ìlú náà sọ ara ẹ̀ di ajigbèsè níwájú kóòtù ní oṣù keje 2013, gbogbo ayé fi fọ́tò ilé tó wó ṣe ìran wò. Ṣùgbọ́n Detroit àti agbègbè ẹ̀ ṣì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin títí dòní. Àwọn tó lọ ò rìn jìnnà, ọ̀pọ̀ wọn sọdá ààlà, wọ́n sì kó owó orí wọn dání, ohun tó fà á tí ìlú fi ṣubú nìyẹn, àtọwọ́dá ni, torí fún ọ̀pọ̀ ọdún aláwọ̀ funfun lè sọdá, èèyàn dúdú ò sì rí ẹni tó máa ta ilé fún un tàbí yá a nílé lódìkejì. Iye tí àwọn tó ń ka èèyàn gbé jáde fún 2023 wá fi hàn pé Detroit pọ̀ sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1957.

Ọ̀rọ̀ Baltimore ló le jù láti dáhùn, torí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń ka iye èèyàn tí wọ́n pa, wọ́n á pín in fún iye tó ń gbé inú ààlà ìlú, wọ́n á wá fi to ìlú. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ààlà tí mo sọ. Bí àpẹẹrẹ, ìlú St. Louis ní Missouri yọ ara ẹ̀ kúrò nínú káúńtì ẹ̀ ní 1876, ó ku nǹkan bí 300,000 èèyàn nínú ẹ̀ ní 2020, gbogbo àdúgbò tó dákẹ́ tó yí i ká ò sí nínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ Houston ti kó irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ sínú ààlà tiẹ̀. Baltimore náà pín kúrò lára káúńtì ní 1851, Baltimore City ọ̀tọ̀, Baltimore County ọ̀tọ̀, ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń sọ pé “Baltimore” ni àwọn ń gbé, Owings Mills tàbí Randallstown ni wọ́n wà, inú káúńtì. FBI fúnra wọn ti ń kìlọ̀ tipẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ńbà àwọn to ìlú tẹ̀léra, ní 2021 tí wọ́n tún yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó o jọ padà, nọ́ńbà ọlọ́pàá New York àti Los Angeles ò pé nínú ẹ̀, àwọn kan ṣì fi ṣe lísìtì jáde.

Síbẹ̀ mi ò ní tan yín. Láti 2015 dé 2022, ọdọọdún ni wọ́n ń pa ju 300 èèyàn lọ ní Baltimore, nínú ìlú tó ní nǹkan bí 600,000 èèyàn. Ọ̀fọ̀ ńlá ni. Ó ti wá lọ sílẹ̀ gan-an, 201 ló jẹ́ ní 2024, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti kéré tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ìpànìyàn yẹn sì ń pọ̀ sójú kan, lórí àwọn títì kan ní ìwọ̀-oòrùn àti ìlà-oòrùn ìlú, níbi tí wọ́n ti há èèyàn dúdú mọ́ láti ìgbà tí Baltimore ṣe òfin 1910 tó sọ títì tí dúdú lè gbé àti èyí tí funfun lè gbé, òfin irú ẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Kóòtù fagi lé òfin yẹn lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìlà tó fà sílẹ̀ ò tíì parẹ́. Ìwọ̀n máìlì kan sí i, àwọn dókítà ń fi ajá wọn rìn lálẹ́.

Kí ló dé tí èrò àwọn èèyàn fi yàtọ̀ sí èyí? Ohun tí mo kíyè sí ni pé ọdún tí ẹnì kan dé Amẹ́ríkà tàbí ọdún tó kúrò níbì kan ni ìlú yẹn máa ń dúró sí nínú ọkàn ẹ̀. Ẹni tó gbé New York ní 1990, ọdún tí wọ́n pa 2,245 èèyàn níbẹ̀, títí dòní á ní kí ẹ má wọ tréènì lálẹ́, bẹ́ẹ̀ ní 2017 iye yẹn ò pé 300. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín, ìfẹ́ ló mú un sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ bi í pé ọdún wo ló dé Baltimore kẹ́yìn, àdúgbò wo ló sì sùn sí.

Nọ́ńbà náà ní àléébù tiẹ̀, èmi tí mo ń fi jẹun ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà ìkànìyàn 2020, ìjọba fúnra wọn yẹ ara wọn wò lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn fo bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lára èèyàn dúdú, bí ìdá márùn-ún lára elédè Spanish. Fọ́ọ̀mù ọdún yẹn ló kọ “Nigerian” sí abẹ́ ibi tí èèyàn dúdú á ti kọ orírun ẹ̀, inú mi dùn tí mo rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn wa ní Houston kí wọ́n lè kọ ọ́, àwọn kan kọ èèyàn méjì fún ilé tí mẹ́fà ń gbé, torí pé wọ́n ń bẹ̀rù onílé tàbí wọ́n rò pé ìmígíréṣọ̀n ló rán mi. Kíkọ́ ilé-ìwé, ojú ọ̀nà, ilé ìwòsàn, gbogbo ẹ̀ ló ń tẹ̀lé iye yẹn. Tí ẹ bá dé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kà yín, gbogbo yín.

Ní ti yíyàn, ẹ kọ́kọ́ wo láísẹ́ǹsì ìyàwó yín. Texas àti Maryland wà nínú àdéhùn Nurse Licensure Compact, láísẹ́ǹsì tó bá gbà níbẹ̀ lè jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ míì, Illinois ò sí nínú ẹ̀. Tí ẹ bá ń rò pé ẹ lè kó lọ síbòmíràn tí kọ́ńtíráàtì bá parí, ìyẹn wúwo. Ẹ sì ka kọ́ńtíráàtì yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, iye ọdún, iye tí ẹ máa san tí ẹ bá kúrò ṣáájú àkókò, àti bóyá wọ́n lè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn míì láìbéèrè. Ẹ wá wo ilé-ìwé, torí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò ní dúró de yín. Apá ńlá nínú owó tó ń bọ́ ilé-ìwé ìjọba níbí, owó orí ilé ni, àdúgbò tí ilé ti wọ́n ni ilé-ìwé ti sábà máa ń dáa, ẹ ò gbọdọ̀ wá ilé kí ẹ tó mọ ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ ní kí n tò ó. Fún ẹ̀yin mẹ́rin yìí, èmi á fi agbègbè Baltimore ṣáájú, inú káúńtì, ó sún mọ́ Washington, àwọn èèyàn wa pọ̀ láti ibẹ̀ dé káúńtì Prince George's, ìjì kì í hàn wá léèmọ̀ bíi ti Texas, àmọ́ owó orí ń jáde nínú owó oṣù fún ìpínlẹ̀ àti fún káúńtì, ilé náà ò rọ̀. Houston ló tẹ̀lé e, tí ẹ bá lè rí ilé níbi tí omi kì í dé. Mo fi Chicago ṣìkẹta nítorí láísẹ́ǹsì àti òtútù, kì í ṣe torí pé ó ń kú, bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni, láìsí ọmọ, láìsí mọ́tò, òun ni mo máa fi ṣe àkọ́kọ́, torí mo fẹ́ràn ìlú yẹn títí dòní. Mi ò tọ́ ọmọ ní Baltimore rí, àwọn tèmi ti dàgbà ká tó dé Maryland, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn pẹ̀lú ìtò mi.

Ohun tó kù ni pé kí ẹ padà sọ́dọ̀ ájẹ́ǹtì yẹn, kí ẹ ní kó fún yín ní àdírẹ́sì ilé ìwòsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títì àti síìpù kóòdù, orúkọ ìlú nìkan ò tó, torí “Houston” lè jẹ́ ibi tó fi wákàtí kan jìnnà sí Bissonnet, “Chicago” sì lè bọ́ sí Indiana. Tí ẹ bá ti rí i gbà, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá ṣí máàpù, màá fa ìlà ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, ká wo ilé-ìwé, owó ilé àti ibi tí omi ń gbà nínú ẹ̀.